Láptọ́ọ̀pù Bàbá kò gba Windows 11: kí ni ká fi sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ti lé ní ẹni ọdún 75. Windows 10 ló wà nínú láptọ́ọ̀pù wọn, RAM rẹ̀ (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 4GB, ó sì kọ̀, kò gba Windows 11. Ìmeèlì, ìròyìn àti ìpè olójúkojú pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe. Èwo ni kí n fi sí i tí kò ní tojú sú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó Bàbá. Láptọ́ọ̀pù yẹn kò bàjẹ́. Microsoft ló ní kí ẹ̀rọ tó máa gba Windows 11 ní TPM 2.0 (ohun èlò ààbò kékeré inú ẹ̀rọ), kí processor rẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) sì wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò sì ní in. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni àtìlẹ́yìn Windows 10 (àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ láti ọ̀dọ̀ Microsoft) parí, àgbàlagbà sì ni àwọn oníjìbìtì ń dọdẹ jù.

Linux Mint, ètò kọ̀ǹpútà tó lè rọ́pò Windows, ni màá fi sí i, ẹ̀dà Xfce, torí òun ló fúyẹ́ jù nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ó kéré tán, 2GB RAM ló ń fẹ́, 4GB ló sì dára fún un, bí ti Bàbá gan-an. Ìsàlẹ̀ lápá òsì ni menu rẹ̀ wà, bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Firefox tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ti wà nínú rẹ̀, LibreOffice náà sì ń ṣí fáìlì Word. Ìran 22 rẹ̀ máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di 2029.

ChromeOS Flex, ètò Google tó lè rọ́pò Windows, náà wà, 4GB RAM lòun náà ń fẹ́. Ó máa ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, èyí sì wúlò bí ẹ bá ń gbé jìnnà sí Bàbá. Àmọ́ àkáǹtì Google ló so mọ́, kì í sì í gba áàpù Android.

Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ kọ Mint sórí fláàṣì, kí ẹ fi fláàṣì náà tan ẹ̀rọ. Ó máa ṣiṣẹ́ láti orí rẹ̀ láì fọwọ́ kan Windows. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi, kámẹ́rà, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó fọ́tò, àwọn ìwé àti páswọ́ọ̀dù wọn síbòmíràn, kí ẹ tó wá fi Mint rọ́pò Windows.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ rèé, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń fò. Bàbá kò bìkítà nípa orúkọ Linux. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìmeèlì lánàá ni wọ́n fẹ́ bá a lónìí. Ẹ fi àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré sójú rẹ̀, ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, ẹ tan Timeshift kí ẹ lè dá ètò padà sẹ́yìn bí nǹkan bá dàrú. Bó bá jẹ́ Chrome ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, òun náà ni kí ẹ fi sí i. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé kò sí ilé-iṣẹ́ gidi tí í déédéé pe ènìyàn láti sọ pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bí hard disk rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń yí, ẹ fi SSD (díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tó sì yára jù) rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó máa mú wá ju ti ètò èyíkéyìí lọ. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ́ wọn, ẹ fi máòsì sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí àwọn fúnra wọn tẹ ìpè àkọ́kọ́.