Ṣé àńtíráàsì ni 16S rí nínú irú yín?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, Dókítà. A yọ bakitéríà jáde láti inú irú tí a rà lọ́jà fún iṣẹ́ àṣekágbá wa. A ka jíìnì 16S rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dá bakitéríà mọ̀. BLAST, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi jíìnì wé àwọn tí wọ́n ti kà sílẹ̀, sì ní ó fi 99.8% jọ ti Bacillus anthracis, bakitéríà tó ń fa àìsàn àńtíráàsì. Ṣé kí a kìlọ̀ fún àwọn tó ń jẹ irú?

Ìdáhùn: Ẹ má kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń dé orí WhatsApp, tí ọjà ìyá oníírú á ti kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ò sì wo ìlà kejì àti ìkẹta nínú èsì yẹn? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé Bacillus cereus àti Bacillus thuringiensis wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye kan náà.

Ta ló sọ fún yín pé bí jíìnì kan bá jọra, ẹ̀dá méjì ti di ọ̀kan? 16S kò ju nǹkan bíi 1,500 lẹ́tà DNA lọ. 99.8% nínú rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta péré ló yàtọ̀. Ẹ̀rọ tó kà á lè ṣi mẹ́ta kà. Gbogbo bakitéríà ló ní in, kì í sì í tètè yí padà, torí RNA tí wọ́n ń dà kọ láti ara rẹ̀ wà lára ráíbósómù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe pùròtéènì. RNA yìí ni Carl Woese àti George Fox fi fi hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977 pé àkéà, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n ń kà mọ́ bakitéríà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe bakitéríà rárá. Ó mọ agboolé. Kò mọ yàrá.

Àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yẹn, 16S wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Síbẹ̀, thuringiensis làwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko láti pa kòkòrò, cereus ló ń da inú ẹni tó jẹ ìrẹsì tó sùn rú. Jíìnì oró anthracis ò tilẹ̀ sí lórí kúrómósómù, DNA ńlá rẹ̀: orí plásmídì, òrùka DNA kékeré tó dá dúró, ló wà, pXO1. Èyí tó fi ń bo ara rẹ̀ wà lórí pXO2. 16S ò lè rí èyíkéyìí nínú wọn láé. (Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ńkọ́? Àárín E. coli ni jíìnì ń gbé e sí. Nítorí àìsàn ni wọ́n ṣe fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.)

Ẹ kọ “ẹbí Bacillus cereus” sínú ìwé yín, kó tán síbẹ̀. Èmi ò rí àwo yín o, nítorí náà ẹ dì í pa, ẹ sọ fún ọ̀gá yín, kí lábù tó ní ohun èlò ààbò wá plásmídì méjèèjì. Ẹ má dán an wò fúnra yín.

Bacillus subtilis ni mo retí nínú irú. Bí ẹ ò bá rí in rárá, ẹ kọ́kọ́ wádìí ọwọ́ tó dà á sáwo.