Èsì: Ìdí tí dexamethasone kò fi mú wíwú ẹsẹ̀ eku wálẹ̀

Àbúrò mi, o ní ẹsẹ̀ àwọn eku yín ní láàbù Ìbàdàn ṣì wú, bẹ́ẹ̀ ẹ fún wọn ní dexamethasone (oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú wíwú wálẹ̀) àti carrageenan (èròjà tí a fi ń mú ẹsẹ̀ eku wú) lẹ́ẹ̀kan náà. Àkókò ni mo fura sí. Sítẹ́rọ́ìdì kì í ṣiṣẹ́ wàrà-wàrà bí oògùn tó ń dí histamine (èròjà ara tó ń fa wíwú àti yíyún) lọ́nà. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ń wọ̀, á mú kí jíìnì ṣe annexin A1, purotéènì tó ń dí ẹ́ńsáìmù phospholipase A2 lọ́wọ́, kí prostaglandin, èròjà ara tó ń dá kún wíwú, má bàa pọ̀. Ìyẹn ń gba wákàtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi eku mìíràn ṣòfò, ó ń dùn mí. Ẹ fún wọn lóògùn ní wákàtí kan, ó kéré tán, ṣáájú carrageenan. Tó bá jẹ́ aléji lẹ ń dán wò, níbi tí mast cell (sẹ́ẹ̀lì tó ń kó histamine pamọ́) ti ń tú histamine jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fún wọn lóògùn dáadáa ṣáájú kí aléji náà tó bẹ̀rẹ̀.