Iye Tí Ó Yẹ Kí Ẹ San Lórí Jazz Bass Ọdún 1964

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ẹnìkan ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, fẹ́ ta gìtá béèsì Fender Jazz Bass kan fún yín, pé ọdún 1964 ni wọ́n ṣe é, àti pé nọ́ńbà ara irin ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tí ó fi hàn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rà tí mo sì ń tún irú gìtá wọ̀nyí ṣe fún àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ẹgbẹ́ jùjú ní agbègbè wa, ohun tí mo sì rí ni pé bí ohun tí ó ti ilé iṣẹ́ wá bá ṣe pọ̀ tó lára gìtá àtijọ́ ni owó rẹ̀ ṣe ń ga tó.

Súkúrù mẹ́rin péré ni ó de irin pẹlẹbẹ yẹn, ẹnikẹ́ni sì lè tú u lára gìtá kan kí ó dè é mọ́ òmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ Fender fúnra wọn kì í mú irin náà ní ẹsẹẹsẹ nígbà náà, nítorí náà kò lè sọ ọdún gan-an. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn àmì ojú ọrùn: tí wọ́n bá jẹ́ onígun mẹ́rin, ọ̀rọ̀ 1964 ti parí, nítorí ọdún 1966 ni irú wọn dé sára Jazz Bass, róbótó ni ti 1964. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí ó gbà kí ẹ tú ọrùn kúrò. Ní ìdí ọrùn náà ni ẹ ó ti rí òǹtẹ̀ oṣù àti ọdún, ibẹ̀ kan náà sì ni wọ́n ti ń yí irin inú ọrùn, èyí tí ó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń yí, torí ọrùn tí ó wọ́ tí kò sì ṣeé tọ́ mọ́ ń gé owó púpọ̀ kúrò.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn fólúùmù tí bọ́tìnnì ń yí. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 304, ilé iṣẹ́ Stackpole ni ó ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 137, ilé iṣẹ́ CTS ni. Nọ́ńbà méjì tí ó tẹ̀lé e ni ọdún, méjì ìkẹyìn ni ọ̀sẹ̀, nítorí náà 3046420 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ ogún ní 1964. Gìtá tí fólúùmù rẹ̀ kò bá tíì yí padà kò lè dàgbà ju nọ́ńbà yìí lọ, ṣùgbọ́n ó lè kéré sí i, nítorí Fender ra fólúùmù rẹpẹtẹ ní 1966 tí wọ́n sì ń lò ó fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Níbi tí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà pọ̀ bá ti ń dán nígbà tí ti àwọn yòókù ti ṣú, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án.

Pickup, ẹ̀rọ tí ó ń gba ìró okùn gìtá, ni ó máa ń bàjẹ́ jù lọ́dọ̀ wa. Òógùn àti ọ̀rinrin ọ̀sà ń jẹ wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ iná a sì fi wáyà tí wọ́n bá rí wé e. Béèsì bẹ́ẹ̀ ṣì lè dún dáadáa ní ìsìn ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n olùkójọ gìtá àtijọ́ kò ní san owó odindi lé e.

Ọ̀dà tí wọ́n tún kùn lè gé owó náà sí ìdajì. Iná aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń dá ayédèrú owó mọ̀ wúlò níbí: fáníìṣì nitrocellulose tí Fender ń lò nígbà náà a máa tàn lábẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè tí ó fara pẹ́ ewé, ti òde òní kì í sì tàn bẹ́ẹ̀.

Ní ti iye owó, iye tí wọ́n ti rà á tán lórí Reverb àti eBay, àwọn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ wò, ẹ má wo iye tí àwọn olùtà kàn kọ síbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má san iye òkè òkun fún gìtá tí ó wà ní Ìkòròdú. Igi rosewood ti Brazil ni ojú ọrùn 1964, ó sì ti wà lábẹ́ ìdènà tó le jù nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tí ó ṣọ̀wọ́n, láti 1992. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà, nítorí náà ẹ ó nílò ìwé àṣẹ kí ẹ tó lè tà á sí òkè òkun.

Bí olùtà náà bá kọ̀ pé kí ẹ tú ọrùn àti fólúùmù wò, ohùn àti igi rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dá iye lé, bí ẹ ó ṣe ra béèsì èyíkéyìí tí ó dún dáadáa.