Ṣé aró èlú lè di tíránsítọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹnìkan ń ta ìyẹ̀fun èlú fún wa, ó ní bí a bá fi kun ike, yóò di tíránsítọ̀ tí yóò gba ipò sílíkọ́nì nínú fóònù. Ṣé kí n dá owó sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yọ owó. Òtítọ́ kékeré kan ni oníṣòwò yẹn fà gùn. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní ìlú Linz, ní Austria, fi indigo, tí í ṣe àwọ̀ búlúù inú aró wa gan-an, ṣe tíránsítọ̀ (ohun kékeré inú ẹ̀rọ tí ń ṣí ọ̀nà fún iná tí ó sì ń dí i) tí ó ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n aró inú ìkòkò kọ́ ni wọ́n lò. Èlú tí a gún, tí a ṣù, tí a sá, tí a sì rẹ sínú omi eérú, kún fún iyọ̀ àti èérí ewé. Kò sí ewu nínú èyí fún aṣọ àdìrẹ. Nínú tíránsítọ̀, bí iná bá ti dé, iyọ̀ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, iná a máa jò gba ibi tí kò yẹ, ohun tí mítà ń kà kò sì ní ṣeé gbára lé. Indigo mímọ́ ni wọ́n ń mú gbóná nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, títí yóò fi di oru, tí oru náà yóò sì bà lé ojú ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún un, ní awọ tí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ fíìfíì. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lórí ààrò yín o.

Ní ti sílíkọ́nì, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe tíránsítọ̀ inú fóònù, ìwọ̀n bí iná ṣe ń yára rìn nínú indigo wọn kò ju nǹkan bí 0.01 cm²/Vs lọ; ti sílíkọ́nì oníkírísítálì kọjá 1,000. Kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí tí yóò ní kí ẹ fi aró ṣe ọpọlọ fóònù. Ohun tí a ń wá lọ́dọ̀ irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a lè tẹ́ sórí ike tí ó ń ká, fún iṣẹ́ tí kò nílò eré púpọ̀. Àwọn onímọ̀ tí ń ṣe èròjà tuntun a máa tún mólékù indigo, ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tí ó kéré jù, fúnra rẹ̀ tò: bí a bá fi brómíìnì, èròjà kẹ́míkà kan, sí ojú méjì lára indigo, ó di àwọ̀ àlùkò tí àwọn ará Róòmù ń rí lára ìgbín òkun, ìyẹn sì ń gbé iná ju indigo lásán lọ.

N kò rí ìyẹ̀fun náà, nítorí náà n kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹ ní kí ó kó àbájáde ìwọ̀n tíránsítọ̀ bíi mélòó kan wá, kì í ṣe ẹyọ kan tí ó dára jù, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe rí lẹ́yìn oṣù kan nínú afẹ́fẹ́ lásán. Bí fọ́tò nìkan ni ó bá mú wá, ẹ fi owó yín sápò.