Èsì: Arákùnrin tí kì í ráyè wá Báíbù Stọ́dì

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ ní arákùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù yẹn ń gbé Kubwa l'Abuja, Garki láàárín ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ráyè wá Báíbù Stọ́dì àárín ọ̀sẹ̀. Ha, pẹ̀lú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yẹn? Ẹ má rò pó ti ń fà sẹ́yìn o. Ẹ lọ bá a nílé ní Sátidé, ẹ jọ ka Máàkù, orí 16 péré ni, ẹ máa ka orí kan lọ́sẹ̀, kóun náà máa kà kó máa bi yín ní ìbéèrè, ẹ má sọ ọ́ di ìwàásù (a fẹ́ràn ìwàásù jù!). Tọkọtaya Àkúílà àti Pìrìsílà ò tún Àpólò, oníwàásù tí ò tíì mọ ọ̀nà Ọlọ́run dáadáa, ṣe níwájú èrò, ṣe ni wọ́n mú un sọ́dọ̀ tí wọ́n wá ṣàlàyé fún un, ó wà ní Ìṣe 18:26. Tẹ́ ẹ bá parí Máàkù, ẹ ní kóun náà wá ẹnì kan tí wọ́n á jọ kà á.