Dísìkì VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) mi wà, ṣùgbọ́n virt-manager ṣófo: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà. Èmi ni mò ń ṣe ìṣirò owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, orí Windows kan tó wà nínú virt-manager (ètò tí a fi ń ṣàkóso VM) lórí Ubuntu mi ni mo sì ti ń ṣe é. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, títí Ubuntu fi kọ̀ tí kò tàn mọ́. Mo ra dísìkì tuntun, mo fi Ubuntu sórí rẹ̀, mo sì kó win10.qcow2, fáìlì tó jẹ́ dísìkì VM náà, láti orí dísìkì àtijọ́, tó ṣì ṣeé kà. Nígbà tí mo ṣí virt-manager, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé àkáǹtì ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tan VM kankan.

Inú qcow2 tí ẹ kó yẹn ni Windows àti àkáǹtì ẹgbẹ́ wà. Ohun tí ẹ kò kó ni fáìlì XML kékeré kan, win10.xml, tó wà ní /etc/libvirt/qemu. Òun ló sọ iye RAM, irú dísìkì, káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti orúkọ VM náà. Bí kò bá sí i, libvirt, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ virt-manager, kò mọ̀ pé VM kankan wà, virt-manager náà kò sì ní rí nǹkan fi hàn yín.

Ẹ padà sórí dísìkì àtijọ́, ẹ lọ mú XML yẹn. Ẹ wo inú var/lib/libvirt/qemu/nvram níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí fáìlì VM yín bá wà níbẹ̀, UEFI (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà, tó rọ́pò BIOS) ló fi ń tàn. Ẹ kó o sí ojú kan náà lórí Ubuntu tuntun. Ẹni tó bá fi TPM (ibi tí a ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìdáàbòbò) sí VM tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kó fódà var/lib/libvirt/swtpm náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà qcow2 sí ibòmíràn. Àkọsílẹ̀ owó olówó ni, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í sì bàjẹ́. Ẹ wá fi ọ̀kan sí /var/lib/libvirt/images, kí ẹ tẹ èyí kí libvirt lè mọ VM náà:

sudo virsh define win10.xml

Ẹ má kàn ju XML sínú /etc/libvirt/qemu: ìgbà tí libvirt bá ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa ń ka ibẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kàn dá VM tuntun, kí ẹ so qcow2 mọ́ ọn. Níwọ̀n ìgbà tí XML bá wà, mi ò fara mọ́ ọn. UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) VM tuntun á yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni MAC (àdírẹ́sì) káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀. Windows lè wò ó bíi kọ̀ǹpútà míràn, kó ní kí ẹ tún òun mú ṣiṣẹ́. Orúkọ UUID ni fódà TPM ń jẹ́, nítorí náà ẹni tó ń lo BitLocker (ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa) lè bá ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà pàdé. Bí VM àtijọ́ bá jẹ́ UEFI tí tuntun sì jẹ́ BIOS, Windows kò ní tàn. Bí dísìkì rẹ̀ bá jẹ́ SATA tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá sọ ọ́ di VirtIO (irú dísìkì tí a ṣe fún VM) láìsí dráífà rẹ̀ nínú Windows, ojú aláwọ̀ búlúù tí Windows máa ń fi hàn bó bá kọṣẹ́ ni ẹ máa rí. Bí XML bá bàjẹ́ pátápátá, ẹ lo “Import existing disk image”, kí ẹ sì sàmì sí “Customize configuration before install”, kí ẹ lè yan àwọn nǹkan wọ̀nyí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá kọ̀ láti tàn lẹ́yìn define, ẹ ka ohun tó sọ. Bó bá ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì “default” kò ṣiṣẹ́ (not active), ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: sudo virsh net-start default. Bó bá ní kò rí dísìkì, ojú ọ̀nà tó wà nínú XML ló yàtọ̀ sí ibi tí ẹ fi í sí. Ẹ fi sudo virsh edit win10 tún un ṣe.

Nígbà tí VM bá ti ṣiṣẹ́, ẹ máa fi àṣẹ yìí tọ́jú ètò rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe:

sudo virsh dumpxml --inactive win10 > win10.xml

Fáìlì náà kéré débi pé ẹ lè fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ní ti qcow2, ẹ pa VM pátápátá kí ẹ tó dà á kọ. Ẹ má sì fi --remove-all-storage kún virsh undefine láéláé, nítorí ó máa pa dísìkì náà rẹ́.