Kí ló dé tí wọn kì í fi igi elder dáná?

Ìbéèrè yín ni pé ẹ gé igi elder, igi olódòdó funfun tó ń so èso dúdú, tó wà lẹ́yìnkùlé yín ní Ìlú Ọba, bẹ́ẹ̀ ni bàbá òyìnbó alámùúlégbè yín sáré wá sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ kó o wọlé fi dáná, kò sì sọ ìdí. Ẹ wá ń béèrè bóyá àwọn òyìnbó náà ní èèwọ̀ igi. Wọ́n ní i dáadáa, ti elder sì wà lára èyí tó le jù.

Igi tó lólúwa ni. Ní Dẹ́ńmákì, wọ́n gbà pé ìyá kan ń gbé inú rẹ̀, Hyldemoer lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gé ẹ̀ka láìtọrọ, ìyá yìí á bá a délé. Irú ìgbàgbọ́ yìí kan náà wà ní Lincolnshire, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láyé àtijọ́ tó gbé àáké, wọ́n á kọ́kọ́ bẹ igi náà pé: "Ìyá àgbà, fún mi nínú igi rẹ, èmi náà á fún ọ nínú tèmi nígbà tí mo bá di igi." Lójú tèmi, wọ́n gbọ́n ju Olúrónbí lọ. Òun jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ fún ìrókò, ìrókò sì gbà á. Àwọn wọ̀nyí sún gbèsè tiwọn di ẹ̀yìn ikú.

Ohun tí wọn kò jẹ́ fi elder kàn láéláé ni ibùsùn tí wọ́n fi ń mi ọmọ jòjòló. Wọ́n ní ìyá àgbà á wá lóru, á máa fa ọmọ náà lẹ́sẹ̀, á sì máa já a léèékánná títí ara rẹ̀ á fi dáranjẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì gbilẹ̀, wọ́n fi ìtàn mìíràn lé e: orí elder ni Júdásì pokùn so sí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tó bá fi igi yìí dáná, Sátánì ló ń pè wọlé. Èmi ò rí bí ìtàn Júdásì yẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. John Gerard, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ewé, ti ta kò ó láti 1597, ó ní igi mìíràn ni Júdásì so sí. Ṣùgbọ́n olú kan wà tó máa ń hù lára elder, ó rí bí etí ènìyàn gẹ́lẹ́, etí Júdásì ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ fún ìdáná. Inú ẹ̀ka rẹ̀ rọ̀ bíi kànìnkànìn. Bí wọ́n bá ti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ìyẹn jáde, ihò gbọọrọ ló kù. Òun làwọn ọmọdé fi ń ṣe fèrè àti ìbọn ìṣeré.

Èso rẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Òdòdó funfun rẹ̀ máa ń yọ ní oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi ṣúgà àti ọsàn wẹ́wẹ́ fún mímu. Èso dúdú á pọ́n ní oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ń fi í ṣe jáàmù àti wáìnì. Àwọn kan ní Pọ́túgàlì tilẹ̀ ń fi í pa wáìnì wọn láró kó lè pọ́n dáadáa, títí ìjọba ibẹ̀ fi ní kí wọ́n hú elder kúrò lágbègbè odò Douro ní ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Ẹ má jẹ èso yìí ní tútù láìsè é. Irú oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́, tó jẹ́ ká máa fún un, ká sì máa yan án kó tó di gàrí, òun náà ló wà nínú ewé, èèpo àti èso tútù elder. Ní California lọ́dún 1983, àwọn kan mu omi èso irú elder tó wà níbẹ̀, tí wọ́n fún tòun tewé tòun tigi. Èébì àti òòyì mú wọn débi pé hẹlikópítà ni wọ́n fi gbé àwọn mẹ́jọ lọ sílé ìwòsàn. Nítorí náà, èyí tó bá ti dúdú pátápátá nìkan ni kí ẹ já. Ẹ ṣa gbogbo igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa, kí ẹ sì sẹ́ kóró rẹ̀ nù kí ẹ tó da ṣúgà sí i.